Orí Ta Ni Ẹrù Náà Balẹ̀ Sí?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó ti agbada gaàrí lásìkò yìí, tí èéfín ń bá ojú yín jà, ẹ kú ooru iná o. Ẹ̀yin gan-an ni mo fi ọ̀rọ̀ òní bọ̀wọ̀ fún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá wọ ìlú, tó ní òun wá sọ ẹrù kalẹ̀ fún wa, níbo ni ẹrù náà ń lọ? Ṣé ó ń pòórá ni? Àbí orí ẹlòmíràn ló balẹ̀ sí? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn. A ó máa padà sórí rẹ̀ títí ètò wa yóò fi parí.

Ẹ wo òṣùká. Òṣùká dára. Ó ń jẹ́ kí ẹrù jókòó dáadáa, kì í jẹ́ kí ẹrù ta ni lórí. Ṣùgbọ́n òṣùká kì í ru ẹrù. Orí àti ọrùn ló ń rù ú. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ọ̀làjú ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tu ni lára lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ṣì wà níbì kan, ẹnì kan ló sì rù ú. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí nìyí: ẹ̀rọ kì í pa iṣẹ́ rẹ́, sísún ló máa ń sún un. Ó ń sún un láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ń sún un láti inú ilé lọ sínú igbó, láti ìdí òwò kan lọ sídìí òwò mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ fúyẹ́ fún la máa ń rí, nítorí òun ló ń yọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ lọ bà lé lọ́rùn kì í sọ̀rọ̀, nítorí kò ráyè. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tó kọjú sẹ́nìkan, ẹ̀yìn ló kọ sẹ́lòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá dé, ẹ jẹ́ kí á wo iwájú rẹ̀, kí á sì yí i po kí á wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí á mú ohun tó wà nílé gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí á mú gaàrí. Ohun ọ̀gbìn tí a fi ń ṣe é, ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń pè é, àbí gbágùúdá, àbí pákí? Ọ̀kan náà ni. Ilẹ̀ Bràsíìlì àti àgbègbè rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gba òmìnira lóko ẹrú ní Bràsíìlì tí wọ́n sì padà wálé, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọgbọ́n ṣíṣe gaàrí tàn ká ilẹ̀ wa. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan lágbàáyé tó ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bẹ nídìí rẹ̀. A ó wa á, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́, a ó wá gbé páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, a ó máa rin ẹ̀gẹ́ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀jẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà, a ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì yan án. Kì í ṣe àṣà lásán ni gbogbo wàhálà yìí. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Rírin, kíkan àti yíyan ló ń lé e jáde. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè fo iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdí rírin ni iṣẹ́ ti ń há jù. Bí ẹ̀gẹ́ bá kún oko, tí ọwọ́ tí yóò rin ín kò bá pọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Lẹ́yìn ọdún 1930, àwọn Faransé mú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí. Nígbà tó fi di ẹ̀yìn ọdún 1940, àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì Nàìjíríà ti ń fi irin àlòkù àti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rọ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí á yìn wọ́n. Wọ́n rí ẹ̀rọ, wọ́n tú u palẹ̀ lójú inú, wọ́n sì rọ èyí tó bá apá wa mu. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ náà ń ṣe é kí omi tó hó lórí iná. Ta ni kò ní yọ̀? Ìka àwọn ìyá wa bọ́ lọ́wọ́ páànù oníṣòó. Ẹrù kúrò lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: orí ta ló balẹ̀ sí?

Ẹ tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí rírin yá, ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn lè ṣe lọ́sẹ̀ kan pọ̀ sí i. Ẹ̀gẹ́ tí a ó bó náà pọ̀ sí i. Ta ló ń bó o? Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, lórí àpótí, láti àárọ̀ di alẹ́. Gaàrí tí a ó yan pọ̀ sí i. Ta ló jókòó ti iná? Obìnrin náà ni. Igi ìdáná tí a ó dá lóko pọ̀ sí i. Orí ta ló ń gbé e wálé? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989 lórí ẹ̀gẹ́ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bá ohun tí mò ń sọ mu: bí ẹ̀rọ ṣe ń gba rírin, bẹ́ẹ̀ ni bíbó àti yíyan ń di ibi tí iṣẹ́ há sí. IITA kan náà ti mú ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tó ń ta dáadáa jáde. Ìyẹn náà dára. Àmọ́ bí oko bá ta sí i, wíwa rẹ̀ yóò pọ̀, bíbó rẹ̀ yóò pọ̀. Ẹ sì wo ohun kan sí i. Páànù oníṣòó, obìnrin ló ni ín. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, ọkùnrin ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, òun náà ló sì ń gba owó rẹ̀. Èéfín tó ń wọ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé ń dá ẹ̀mí wọn légbodò lọ́dún kan. Ẹrù nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. A kàn fi èéfín bò ó ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ̀rọ kì í pa iṣẹ́ rẹ́, ó ń sún un lọ síbòmíràn ni. Ẹnì kan lè sọ pé gaàrí nìkan ni mo rí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á rìn jìnnà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1733, John Kay ṣe ohun èlò kan tó ń ta òwú kọjá lórí òfì bí ọfà. Ìhunṣọ yára. Kí ló ṣẹlẹ̀? Òwú kò tó hun mọ́. Àwọn tó ń rànwú wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí James Hargreaves tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ran ọ̀pọ̀ òwú pa pọ̀. Ìrànwú wá yára tán, ebi òwú tútù bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ilé iṣẹ́. Ta ni yóò gbìn ín? Ta ni yóò já a? Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró kúrò lára òwú. Títí di ìgbà náà, kóró yíyọ ló ń dá àwọn olóko dúró. Nígbà tí ẹ̀rọ gba ìyẹn, iṣẹ́ sún sínú oko. Orí àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ló balẹ̀ sí. Ní 1790, àwọn ẹrú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tó 700,000. Ní 1860, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ gidigidi. Ẹ̀rọ kékeré kan, tí ẹni tó ṣe é fẹ́ fi dín iṣẹ́ kù, ó fi ẹrù kún ẹrù fún àwọn tí kò lẹ́nu láti kọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré? Orí ta ni ẹrù náà balẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, kí á wo ohun tí à ń lò nínú ilé: igi, epo, gáàsì, omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ohun èlò bá ṣe ń lo nǹkan níwọ̀nba, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà yóò ṣe máa ṣẹ́kù. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ lọ́dún 1865, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Stanley Jevons kọ ìwé lórí èédú ilẹ̀ wọn. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ èédú lò sí, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí wọ́n ń wà ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí iṣẹ́ bá dínwó, ènìyàn púpọ̀ sí i yóò ṣe é, wọn yóò sì ṣe é lọ́pọ̀. Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí agbada wa nìyẹn? Rírin rọrùn, gaàrí pọ̀, igbó ń tán lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Páànù oníṣòó kò mu epo rí. Ẹ̀rọ ń mu bẹntiróòlù tàbí dísù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, owó bẹntiróòlù fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Àbújá wọ inú ẹbu gaàrí lábúlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé tí kò ní mọ́tò, tí kò ní jẹnẹrétọ̀, san owó epo lára kọ́ńgò gaàrí. Ẹ̀rọ ti so wá mọ́ ọjà tí a kò lè darí. Mi ò sọ pé kí á já okùn náà. Mo ní kí á mọ̀ pé okùn wà lọ́rùn wa, kí á lè mọ bí a ó ṣe rìn.

Ẹ wo ilẹ̀ àti omi náà. Nígbà tí ìyá kan ń fi ọwọ́ rin apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan, omi tó ń ro lára rẹ̀ kò tó nǹkan, ilẹ̀ á gbà á. Nígbà tí ẹ̀rọ ń rin ẹ̀gẹ́ odidi abúlé mẹ́ta lójú kan, tí wọ́n ń fi jáàkì fún un, omi olóró yẹn di àgbàrá. Ó ń ṣàn lọ sínú odò tí a ti ń pọnmi. Òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Koríko ibẹ̀ kú. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà di òkìtì, ó ń jẹrà, wọ́n sì ń dáná sun ún. Ta ló ń jẹ gbèsè ìyẹn? Kì í ṣe ẹni tó ni ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ẹni tó ra gaàrí ní ìlú ńlá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ibùdó ìwádìí ILRI àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní IITA ní Ìbàdàn ti fi hàn pé a lè rin èèpo ẹ̀gẹ́ yìí, kí á fún omi rẹ̀ dànù, kí á sẹ́ ẹ, kí á sì sá a gbẹ, kó di oúnjẹ ẹran àti adìyẹ. Ẹ̀rọ tí à ń lò fún gaàrí náà ni wọ́n lò. Ohun tó jẹ́ ẹrù lórí àdúgbò di ọjà. Kí ló fà á? Ẹnì kan dúró, ó sì béèrè ibi tí ẹrù wà. Ìbéèrè ló ṣáájú ọgbọ́n náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo òwò ìgbèríko. Lọ́dún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM dé Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó kó gaàrí lọ sọ́jà kò mọ iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ títí yóò fi débẹ̀. Alájàpá ló mọ̀, òun ló sì ń fi ìmọ̀ yẹn jẹun. Fóònù dé, ìmọ̀ tàn ká. Èrè rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní ìpínlẹ̀ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Robert Jensen ṣèwádìí láàárín àwọn apẹja. Kí fóònù tó dé, àwọn apẹja ń da ẹja nù létí òkun kan nígbà tí àwọn oníbàárà ń wá ẹja kiri ní èkejì tí kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n ní fóònù, wọ́n ń pe etí òkun kí wọ́n tó yí ọkọ̀ wọn síbẹ̀. Ìdàànù náà dópin, iye owó ẹja sì sún mọ́ ara wọn káàkiri. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n apẹja ní ọkọ̀ ojú omi, omi òkun kò sì ní kòtò. Ìyá onígaàrí ńkọ́? Ó mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ó mọ iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Ọ̀nà tó ti abúlé rẹ̀ jáde ti bàjẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá lọ́jọ́ ọjà, iye tí ọlọ́kọ̀ bá sì pè ni yóò san. Ẹrù àìmọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹrù ọ̀nà ló kù. Fóònù ti jẹ́ kó rí èrè tó yẹ kí ó jẹ, ọ̀nà kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Ẹ̀rọ ìgbowó P.O.S. náà ńkọ́? Ẹ wo àgọ́ kékeré tó ní agboòrùn lórí, tó wà ní oríta gbogbo báyìí. Ó ti ṣe ohun tí ilé ìfowópamọ́ kò ṣe fún ìgbèríko. Ọmọ tó wà ní ìlú ńlá lè fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lábúlé, kó sì di owó lọ́wọ́ ìyá kí ọbẹ̀ tó jiná. Ẹni tó bá ní kò wúlò kò tíì gbé abúlé. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á béèrè ìbéèrè wa. Owó tí ilé ìfowópamọ́ ìbá fi kọ́lé, kó fi sanwó òṣìṣẹ́, kó fi gba ọlọ́dẹ, níbo ló lọ? Ó ti di owó tí ìyá ń san ní gbogbo ìgbà tó bá gba owó ara rẹ̀. Ó sì ti di ewu lórí ọ̀dọ́ tó jókòó pẹ̀lú owó olówó lábẹ́ agboòrùn láìsí ọlọ́dẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà tí owó ọwọ́ sì gbẹ ní ìlú, gbogbo wa rí i. Àwọn ènìyàn ń fi owó gọbọi ra owó ara wọn. Ní ìgbèríko, níbi tí ọjà kò ti mọ ohun mìíràn ju owó ọwọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ẹrù jẹrà lórí àtẹ. Ètò tuntun náà fúyẹ́ fún àwọn tó wà lókè. Nígbà tó yẹ̀, ọrùn àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Wọ́n ń sọ pé, ṣé kí á padà sídìí páànù oníṣòó ni? Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní í sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ìka tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣó, kó má padà sí i. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ló jẹ́ kí gaàrí pọ̀ tó láti bọ́ àwọn ìlú ńlá wa, òun náà ló sì fi owó sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá tó fi rán ọmọ nílé ìwé. Àwọn mìíràn ń sọ pé, ẹni tó ra ẹ̀rọ ló náwó, òun ló ń ra epo, òun ló ń tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó jèrè. Òótọ́ ni. Kí ó jèrè. Ẹni tó dáwó lé nǹkan ní ẹ̀tọ́ sí èrè. Ohun tí mò ń béèrè ni ìdí tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ kò fi lè ní in. Ṣé wọn kò gbọ́n tó ni? Ọgbọ́n wọn pé. Owó rẹpẹtẹ tí wọn yóò san lẹ́ẹ̀kan ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ilé ìfowópamọ́ ń béèrè ìwé ilẹ̀, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé ilẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń sọ pé, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀rọ tí yóò bó ẹ̀gẹ́ náà yóò dé, àkókò yóò tún un ṣe. Ẹ̀rọ ìbó-ẹ̀gẹ́ ti wà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò bá ara mu. Òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn wọ́. Ẹ̀rọ náà sábà máa ń gé ara ẹ̀gẹ́ dànù mọ́ èèpo, iye owó rẹ̀ sì ga. Àkókò nìkan kì í tún nǹkan ṣe. Láti ọdún 1793 tí ẹ̀rọ òwú dé títí di ọdún 1865 tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, ó ju àádọ́rin ọdún lọ, ogun abẹ́lé sì jà kó tó rí bẹ́ẹ̀. Àkókò kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ló dìde.

Kí ni kí á wá ṣe? Ọgbọ́n rẹ̀ ti wà nílé wa tipẹ́. Àwọn baba wa mọ àáró, wọ́n mọ ọ̀wẹ̀. Ìdí méjèèjì ni pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ kò lè pòórá, nítorí náà wọ́n pín in. Ohun tó yẹ kí á ṣe sí ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó lè ra ṣọ́ọ̀bù lọ́jà lè ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, kí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ jẹ́ onípìn-ín nínú rẹ̀. Bí èrè bá wọlé, kí apá kan rẹ̀ lọ sórí ààrò tó ní ọ̀nà èéfín, tí ẹnu iná rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, kí ẹni tó ń yan gaàrí lè mí. Kí apá kan gbẹ́ kòtò fún omi olóró, kó má dé odò. Kí á sá èèpo gbẹ, kí á tà á. Ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ wa, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ẹ tó fa ilà àkọ́kọ́ sórí ìwé, ẹ lọ jókòó lórí àpótí fún odidi ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, kí ẹ tó gé tẹ́ẹ́pù lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ wo ọ̀nà tó já síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sọ ọjà di òkìtì lásán. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí ẹrù tó balẹ̀ ni kí á ti mọ orí tó ń lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, àkókò ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan rán yín nílé. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, yálà ẹgbẹ́ ọjà ni, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni, tàbí ìpàdé àdúgbò, ẹ mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ẹ ń lò. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ omi, ó lè jẹ́ páńẹ́ẹ̀lì sólà, ó lè jẹ́ P.O.S. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ta ló ni ín? Ta ló mọ̀ ọ́n tún ṣe bó bá bàjẹ́? Iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ wa, níbo ló sún un lọ? Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọkùnrin nìkan dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń dákẹ́ jù nínú yín sọ̀rọ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ẹrù wà lórí rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ẹ má ṣe ní kó ṣe sùúrù. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe tó bá pàdé ẹni tó rẹrù lójú ọ̀nà. Kì í kí i kó kọjá. Á na ọwọ́, á bá a sọ̀ ọ́.